Kí Ló Ń Jẹ́ Gírámà?

Bí ẹnì kan bá ń fọ èèbó ńláńlá tí kò yé ẹnikẹ́ni, ohun tí ará Abẹ́òkúta máa wí ni pé, "Gírámà ló ń sọ!" Lẹ́nu wa, gírámà ti di òyìnbó tó ń dẹ́rù bani. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn kan ti tìtorí bẹ́ẹ̀ gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní gírámà, pé tiwa ò ní. Àwọn òbí tó kàwé náà ń sọ ọ́, àwọn ọmọ wọn sì ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ náà dé ilé baba rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ló ni ín. Lédè wọn, "gramma" ni lẹ́tà, ohun tí a fọwọ́ kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà, tó sì mọ̀ ọ́n kọ, òun ló mọ gírámà. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ń pe ẹ̀kọ́ nípa bí èdè ṣe tò. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Faransé gbà á, Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lọ́wọ́ Faransé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, Látìn ni èdè ìwé, àwọn àlùfáà àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló sì gbọ́ ọ. Mẹ̀kúnnù tó bá rí ẹni tó gbé ìwé síwájú, tó ń ka ohun tí kò yé e, ọfọ̀ ló máa kà á sí. Ni gírámà bá di oògùn! Àwọn Faransé yí i sí "grimoire", ìyẹn ìwé oògùn. Àwọn ará Scotland yí i sí "glamour", ìdán tí wọ́n fi ń bo èèyàn lójú. Glamour tí àwọn ọlọ́jà ìpara fi ń polówó lónìí, ọmọ ìyá gírámà ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rù tí gírámà ń bà wá ti pẹ́ láyé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "grammar school" ni ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní gírámà Látìn. Àwọn oníwàásù CMS gbé orúkọ náà wá sí Èkó ní 1859. Ní 1908, Abeokuta Grammar School bẹ̀rẹ̀. Israel Oludotun Ransome-Kuti ló ṣe ìkíní nínú ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló sì padà di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ láti 1932 títí di 1954. Ní 1914 ni wọ́n gba ọmọbìnrin àkọ́kọ́, Funmilayo Thomas, ẹni tí Ransome-Kuti yìí fẹ́ níkẹyìn.

Obìnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délé. Ó ti kàwé dé England. Ṣùgbọ́n nígbà tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí ní 1947 àti 1948, Yorùbá ló ń bá àwọn òyìnbó ìjọba sọ. Àwọn òyìnbó ló wá ń wá ògbufọ̀ kiri.

Ti pé Yorùbá ò ní gírámà ńkọ́? Ní 1843, kí ilé ìwé kankan tó wà l'Abẹ́òkúta, Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, gírámà wa ló sì fi ṣáájú rẹ̀. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Henry Townsend, ó sì rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti pínyà fún ohun tó lé lógún ọdún nítorí ogun ẹrú. Ní 1852 ó tún ìwé náà tẹ̀, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde.

Crowther kọ́ ló dá gírámà náà sílẹ̀ o. Ẹnu àwọn èèyàn ló ti gbọ́ ọ. Ẹ bi aládìrẹ kan ní Ìtòkú léèrè ta ló ra aṣọ. Á ní, "Adé ló ra àdìrẹ." Ẹ bi í pé kí ni Adé rà. Á ní, "Àdìrẹ ni Adé rà." Kò ní fi ìdáhùn kan rọ́pò èkejì láé, bí kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí.