Bakitéríà Tó Ń Ṣe Ajílẹ̀ fún Ẹ̀wà àti Sóyà

Bí àgbẹ̀ bá fa ẹ̀wà tu, yóò rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Ilé bakitéríà rhizobium ni. Náítrójìn kó ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Bakitéríà yìí ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń fi ṣúgà bọ́ ọ. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ló kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní 1888.

Ilẹ̀ wa ní èyí tó bá ẹ̀wà mu. Sóyà tó ti Éṣíà wá ni àlejò, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn fi mú irú TGx jáde, tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́. A tún lè po bakitéríà mọ́ irúgbìn kí a tó gbìn ín, lábẹ́ ibòòji o, nítorí oòrùn ń pa á.

Ẹni tó ń da yùríà púpọ̀ sídìí ẹ̀wà ń fowó ṣòfò ni: bí náítrójìn bá pọ̀ nílẹ̀, kókó kì í yọ dáadáa. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ilẹ̀ tó ti ṣá ṣì nílò. Kí àgbẹ̀ la kókó wò nígbà tí ẹ̀wà bá ń yọ òdòdó. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́.