Ẹni Tó Ni Ẹrú Ló Ni Ẹrù: Ìtàn Géèmù Iwájú, Láti Festac Dé Orí Fóònù Ọmọdé

Yorùbá ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Òwe àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ó bá ayé òde òní mu. Bí ọmọdé kan bá jókòó sí pálọ̀ òbí rẹ̀ ní Ìlú Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tó gba fóònù ìyá rẹ̀, tó sì ń ṣeré géèmù, ta ló ni eré tí ọmọ náà ń ṣe?

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024, géèmù kan jáde tó sọ ìbéèrè yìí di ohun tó yẹ ká gbé yẹ̀wò. Orúkọ rẹ̀ ni Disney Iwájú: Rising Chef. Ilé iṣẹ́ Maliyo Games, tó wà ní Èkó, ló ṣe é. Inú Iwájú ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn eré kàtúùnù alápá 6 tí Disney ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ Kugali jọ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́jọ́ kan náà. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n sọ ọ́, ìlú Èkó ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ Nàìjíríà sì ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ ju ọdún 2024 lọ. Ìlú Festac gan-an ló yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àwọn ènìyàn dúdú lálejò láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, fún àjọ̀dún àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC. Ti àkọ́kọ́ ti wáyé ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní 1966. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló sì wà lórí àlééfà. Ìjọba kọ́ ìlú tuntun sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, kí àwọn àlejò lè ríbi wọ̀ sí. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà fún ará ìlú. Bí Ìlú Festac ṣe di ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé nìyẹn.

Ohun tí àjọ̀dún náà fẹ́ ni pé kí ènìyàn dúdú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààmì tí wọ́n yàn fún un: ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ti Bìní, tí wọ́n gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó o lọ nígbà tí wọ́n kógun ja Bìní ní 1897. Nàìjíríà bẹ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n yá òun fún àjọ̀dún náà. Wọ́n kọ̀. Ọmọ Bìní tún irú rẹ̀ gbẹ́, wọ́n sì fi ṣe àjọ̀dún. Gbogbo ayé mọ̀ pé ojú Idia ni, ọmọ Bìní ló sì gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ojúlówó rẹ̀ wà.

Àwọn ọmọ tó dàgbà sínú àwọn ilé Festac lẹ́yìn ìgbà náà bá géèmù orí tẹlifíṣọ̀n pàdé. Ọjà Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò abánáṣiṣẹ́, kò jìnnà sí wọn lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára láti ra ẹ̀rọ náà lè san owó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, kí ó ṣeré títí àkókò rẹ̀ yóò fi tán.

Ọ̀kan lára àwọn géèmù tó gbajúmọ̀ lágbàáyé ní ìgbà náà ni The Lion King. Westwood Studios ti Amẹ́ríkà ló ṣe é ní 1994 fún ẹ̀rọ Super Nintendo àti Sega, láti inú fíìmù kàtúùnù Disney tó jáde lọ́dún náà. Áfíríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, èdè Swahili ló sì ni orúkọ Simba, ọmọ kìnnìún tí ọmọdé ń darí. Ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kan ṣoṣo nínú Áfíríkà yẹn. Géèmù náà tún le gan-an. Louis Castle, ọ̀kan lára àwọn tó dá Westwood sílẹ̀, ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé Disney ló fẹ́ kí ó le bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tó bá yá a ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ díẹ̀ má baà lè ṣe é parí, kí òbí lè rà á. Ọmọdé rò pé ọwọ́ òun ni kò yá tó, kò mọ̀ pé ìṣirò owó olówó ni òun ń bá jà.

Nínú fíìmù tí wọ́n ti fa géèmù náà yọ, orin kan wà tó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Solomon Linda, ọmọ Zulu, ló kọ ọ́ ní Johannesburg ní 1939, tó pè é ní Mbube. Ṣílè 10 ni ìtàn sọ pé ó gbà lórí ẹ̀tọ́ orin náà. Ó kú sínú ìṣẹ́ ní 1962, nígbà tí orin rẹ̀ ń pa owó ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ The Lion Sleeps Tonight. Ní 2004, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pe Disney lẹ́jọ́. Ọdún 2006 ni àdéhùn tó wáyé, tí ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tó tọ́ sí wọn.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn géèmù Simba ni Iwájú dé. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló dá Kugali sílẹ̀: ọmọ Nàìjíríà méjì, Tolu Olowofoyeku àti Ziki Nelson, pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Ùgáńdà. Ní 2019, wọ́n fọ́nnu fún BBC pé àwọn yóò na Disney ní Áfíríkà. Disney gbọ́, dípò kó bínú, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní oṣù kejìlá 2020, Disney kéde pé àwọn méjèèjì yóò jọ ṣiṣẹ́. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà: Tọlá, ọmọ olówó, ń gbé ní Erékùṣù, Kọ́lé, ọmọ tálákà tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ti òdìkejì omi wá.

Nínú géèmù rẹ̀, ọmọdé a máa se oúnjẹ, a máa gbé e fún oníbàárà kí inú wọn tó bàjẹ́, a sì máa fi owó tó bá rí tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ti 1994. Ènìyàn ti wà nínú ìtàn náà báyìí, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ tí ọmọ Festac ń gbọ́ nílé ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ó jáde, ọmọ Èkó lè gba géèmù náà sórí fóònù, ṣùgbọ́n Disney+, níbi tí eré náà gan-an ti ń hàn, kò tíì sí ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé ọbẹ̀ fún ọmọ onílé, wọ́n gbé ẹran fún àlejò.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Iwájú wé ìbòjú Idia. Ogun ni wọ́n fi kó ti Bìní, àdéhùn ni wọ́n fi ṣe ti Kugali. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìmọ̀ sì wà níbẹ̀. Láti 2012 tí Hugo Obi ti dá Maliyo sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe géèmù, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà nípasẹ̀ ètò GameUp Africa. Ẹni tó bá ṣe géèmù fún Disney lónìí lè ṣe tirẹ̀ lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka orúkọ géèmù náà. Disney ló wà níwájú Iwájú. Òun ló ni Tọlá, òun ló ni Kọ́lé, òun náà ni yóò sọ bóyá ìtàn wọn máa tẹ̀síwájú tàbí kó dúró síbẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bá dá iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀, tó fi mọ́ fíìmù àti ètò orí kọ̀ǹpútà. Òfin náà kò lè gba ẹni tó ti bu ọwọ́ lùwé láìkà á.

Àwọn tí kèké mú ní Festac gba ìwé ilé wọn, àwọn ọmọ wọn sì mọ ibi tí ìwé náà wà. Ọmọ tó ń se oúnjẹ nínú fóònù lónìí lè di ẹni tí yóò ya Èkó tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ nísinsìnyí pé bí ilé ṣe ń ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe ń ní in.