Okùn Ìwọ̀n àti Ààlà Ilẹ̀

Ìmọ̀ jiọ́mẹ́tírì tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó kì í ṣe ọmọ inú ilé. Ní èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni wíwọn ilẹ̀. Ní Íjíbítì ìgbàanì, odò Náílì a máa kún bo oko lọ́dọọdún, a sì máa pa ààlà rẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọba a sì tún fi okùn wọn ilẹ̀, kí olúkúlùkù lè mọ ìpín tirẹ̀, kí ọba sì lè mọ ìṣákọ́lẹ̀ tí yóò gbà.

Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú mọ ilẹ̀ wọn dájú. Erédò, tí a ń pè mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, jẹ́ yàrà àti òkìtì tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó nǹkan bí 20 mítà. Ní nǹkan bí 1505, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrà ńlá yí ìlú Ìjẹ̀bú ká. Iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè yí ilẹ̀ ká láìsí ẹni tí ó ń fi ojú àti ẹsẹ̀ díwọ̀n ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà dé tí ojú àti ẹsẹ̀ nìkan kò tó mọ́, tí àwòrán ilẹ̀ lórí ìwé di ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́. Ní 1890, ìjọba Èkó rán Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá awọnlẹ̀ ìlú náà. Ó padà dé ní 1893, ó sì di awọnlẹ̀ ìjọba, títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní 1898. Ní 1920, ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá ẹjọ́ náà fún olóyè, pé ilẹ̀ àjọni ni, ìjọba kò sì gbọdọ̀ gbà á láìsan owó tí ó yẹ. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀ Èkó ni ó dúró ti onílẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, kí olùkọ́ pín okùn kan sí ọ̀nà 12 tí ó dọ́gba, kí ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí. Bí ọmọ mẹ́ta bá fà á le, tí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 3, èkejì 4, ẹ̀kẹta 5, igun tí ó wà láàrin 3 àti 4 yóò gún régé bí igun ilé.

Ní Ogun Waterside, níbi tí omi pọ̀, wọ́n lè wọn ìbú odò láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Kí ọmọ dúró létí odò ní ọ̀kánkán igi kan ní òdì kejì. Kí ó rìn ní ìṣísẹ̀ 20 lẹ́bàá odò, kí ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí ó sì tún rìn ní ìṣísẹ̀ 20 sí i. Nígbà náà ni kí ó kẹ̀yìn sí odò, kí ó máa lọ tààrà, kí ó sì máa wẹ̀yìn, títí ọ̀pá àti igi náà yóò fi bọ́ sójú kan. Iye ìṣísẹ̀ tí ó rìn kúrò létí omi ni ìbú odò náà.

Òfin Mósè kọ̀ fún wa láti ṣí ààlà ilẹ̀ aládùúgbò wa. Báwo ni ẹni tí kò mọ ìwọ̀n yóò ṣe mọ̀ pé a ti ṣí i? Ẹjọ́ ilẹ̀ a máa sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá, àní láàrin ìjọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí okùn ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa gbogbo, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ibi tí ilẹ̀ tiwọn parí sí, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.