Fóònù Nokia N900, Àmì Ohùn Yorùbá, àti Ìpínyà Èmi àti Irinṣẹ́ Àtijọ́

 

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó bá irinṣẹ́ mu pẹ̀lú. Ìtàn tí mo fẹ́ pa fún yín lónìí jẹ́ ìtàn fóònù kan tí ń jẹ́ Nokia N900: bí mo ṣe fi kọ Yorùbá, bí mo ṣe fi gba ohùn àwọn àgbà ìlú mi, Eruku, sílẹ̀, àti bí èmi àti òun ṣe pínyà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni. Ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé tí èdè wa ń gbé wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni.

Bí àmì ṣe dé orí ìwé

Kí a tó dé orí fóònù, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1859, Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1875, àwọn olóyè ìjọ àti àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti jíròrò lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní ọdún 1965, nígbà tí ó sì di ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní.

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí kí ni? Nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀ dà bí ènìyàn tí a bọ́ ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo igba, igbá, ìgbà àti igbà. Èkíní jẹ́ òǹkà, èkejì jẹ́ ohun tí a fi ń bu omi, ẹ̀kẹta ni àkókò, ẹ̀kẹrin sì ni okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i, òǹkàwé ni ó gbé iṣẹ́ fún.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kò ní àmì wọ̀nyí. Àwọn olùkọ́ wa a máa tẹ iṣẹ́ wọn tán, wọn a tún mú bírò, wọn a máa fi ọwọ́ to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, a tún padà sí oko àárọ̀. Mo rántí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí àbúrò bàbá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Eruku sí Ìlọrin: "Ba mi wa oko." Ṣé ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù ni kí n bá a wá ni, àbí ọkọ́ tí yóò fi kọ ebè, àbí oko tí yóò dá? Mo ní láti pè é, owó ìpè sì wọ́n nígbà náà. Ọkọ́ ni bàbá ń wá.

Linux nínú àpò

Nokia bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland ní ọdún 1865, pépà ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní ìlú Helsinki, ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Linus Torvalds kọ ìpìlẹ̀ Linux, ó sì fi í sílẹ̀ fún aráyé láti wò, láti lò, àti láti tún ṣe. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó pàdé. Motorola ti gbé fóònù onílinux kan, A760, jáde ní ọdún 2003. Ní ọdún 2005 ni Nokia gbé 770 jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a kò lè fi pe ènìyàn, tí ètò Linux tí wọ́n pè ní Maemo ń darí. N800 àti N810 tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Nígbà tí ó di ọdún 2009, N900 dé, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé Maemo tí a lè fi pe ènìyàn.

Ní ojú ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan. Ìránńtí rẹ̀ kò ju megabyte 256 lọ, àyè ìkó-nǹkan-pamọ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ gigabyte 32. Ṣùgbọ́n ó ní kííbọọdù tí a ń fà jáde láti abẹ́ ojú rẹ̀, ó sì ní ojú ewé dúdú kan tí a ti lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ní tààrà, kí a pàṣẹ fún un, kí ó sì gbọ́. Ẹni tí ó rà á ni olówó rẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí yàrá tí a tì pa mọ́ ọn nínú ilé tí ó fi owó rẹ̀ rà.

Ní ọdún 2011 ni mo ra tèmi ní Computer Village ní Ìkẹjà, àlòkù ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún un ni kí ó kọ Yorùbá.

Bí mo ṣe kọ́ ọ ní èdè wa

Níbí ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ètò tí a ń pè ní Unicode ni ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ ní 1EB9, ọ ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. A ní láti kọ ẹ kí a tó gbé àmì òkè, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0301, lé e lórí; bí ó bá jẹ́ àmì ìsàlẹ̀, 0300 ni. Nítorí náà, ohun tí ojú wa rí bí lẹ́tà kan, méjì ni nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń fò kúrò lórí fáwẹ́lì bí ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò kò bá dára.

Nínú N900, fáìlì kan wà tí ó sọ ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ. Orúkọ rẹ̀ ni rx-51, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ Nokia fún fóònù náà kí ó tó jáde. Bọ́tìnì kan lè gbé ju lẹ́tà kan lọ: èyí tí a tẹ̀ lásán, èyí tí a fi Shift tẹ̀, èyí tí a fi Fn tẹ̀, àti èyí tí a fi méjèèjì tẹ̀ pọ̀. Ní àyè kẹrin yìí ni mo fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì sí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fi àmì ìdánudúró kan sílẹ̀ láìtì í, kííbọọdù sì kú pátá. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe náà. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìrísí lẹ́tà DejaVu sí i, tí àmì fi jókòó dáadáa lórí fáwẹ́lì. Ọjọ́ tí mo kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà sórí fóònù yẹn, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi sáré wọlé.

Ilé iṣẹ́ kankan kò fún mi ní àyè yìí. Èmi ni mo mú un. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí a fún ni àti kí a lè mú ni mo fẹ́ kí ẹ rántí.

Nígbà tí àwọn olóko fi oko sílẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2010, kí N900 tó pé ọdún kan, Nokia àti Intel kéde pé àwọn yóò da Maemo pọ̀ mọ́ ètò mìíràn, wọ́n sì pe àdàpọ̀ náà ní MeeGo. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, lábẹ́ ọ̀gá àgbà tuntun, Stephen Elop, Nokia yí padà sí Windows Phone. N9 jáde ní ọdún 2011 pẹ̀lú MeeGo, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé kò ní arọ́pò. Microsoft parí ríra ẹ̀ka fóònù Nokia ní ọdún 2014.

Síbẹ̀, oko náà kò di igbó lójijì. Àwọn olùlò fúnra wọn gba ìtọ́jú ojúlé maemo.org. Wọ́n ń tún ètò náà ṣe, wọ́n ń pín in fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan lára àwọn òṣìṣẹ́ Nokia tẹ́lẹ̀ dá Jolla sílẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n sì ṣe Sailfish. Lẹ́yìn náà ni postmarketOS àti Maemo Leste dé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti fi ètò tuntun sí ara fóònù àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró. Ní ọdún 2020, àwọn ètò ìwo-íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá pa ọ̀nà ààbò àtijọ́, TLS 1.0 àti 1.1, tì. Ọ̀pọ̀ ojúlé kò gbà kí fóònù mi wọlé mọ́. WhatsApp kò fi ìgbà kan ṣe ètò fún Maemo, bẹ́ẹ̀ orí WhatsApp ni ẹbí wa gbé ìpàdé wọn lọ. Mo ra fóònù Android fún ìpè àti ìròyìn, mo sì fi N900 sílẹ̀ fún iṣẹ́ méjì péré: kíkọ Yorùbá àti gbígba ohùn sílẹ̀.

Ohùn àwọn àgbà Eruku

Eruku wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin gba Òmù-Àrán lọ sí Kàbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbómìnà wà ní ìwọ̀ oòrùn wa, Yàgbà wà ní ìlà oòrùn, Èkìtì sì wà ní gúúsù. Ibi tí ẹ̀ka-èdè mẹ́ta ti pàdé báyìí, wúrà ni fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Láàrin ọdún 2011 sí 2016, bí mo bá ti lọ sílé, mo máa ń jókòó ti àwọn àgbà, N900 a sì wà lórí àpótí láàrin wa. Bàbá akọ̀pẹ kan sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe igbà, bí wọ́n ṣe ń dán an wò lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé ọ̀pẹ, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà, n kò rí i nínú ìwé atúmọ̀ kankan. Bàbá náà kú ní ọdún 2016.

Wákàtí 19 ni gbogbo ohùn tí mo gbà. Inú fóònù yẹn nìkan ni wọ́n wà. Mo mọ̀ pé kò dára bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má ṣe kó gbogbo iṣẹ́ wọn sí ibì kan ṣoṣo, èmi fúnra mi ni n kò ṣe é.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Christ Apostolic Church ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ sínú igbó. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni a gbọ́ pé ẹni 38 tí wọ́n jí gbé ti gba ìtúsílẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ lórí èyí. Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Android ni mo gbé lọ́wọ́, mò ń wo ìròyìn, mò ń pe ilé. Ní òru kan tí oorun kò kùn mí, mo rántí fóònù kejì tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó wá yé mi pé bí ìlú bá lè tú ká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn tí ó wà nínú irin kan ṣoṣo kò lè pẹ́ sọnù.

Mo gbé e jáde. Ihò ṣájà rẹ̀ ti já, nítorí pé èmi ni mo máa ń fa okùn náà bí ẹni fa ewúrẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti wú. Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí lọ sinmi." Mo ní yóò sinmi, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ rò fún wa. Ó bá mi wá bátìrì mìíràn, a sì há a sínú ṣájà kékeré tí a ń kì bọ ojú iná, èyí tí kò nílò ihò fóònù rárá. Fóònù náà tàn. Mo ṣí ojú ewé dúdú náà, mo tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, gbogbo ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí káàdì ìrántí kékeré tí ó wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí ó parí, mo gbé káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣí fáìlì kan, bàbá akọ̀pẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ igbà.

Ohun tí mo kó, ohun tí mo fi sílẹ̀

Ohùn wọ̀nyẹn ti wà ní ibi mẹ́ta báyìí. Lórí Android mi, Gboard ní Yorùbá nínú, n kò nílò láti tún fáìlì kankan kọ kí n tó kọ ọ́. Ohun ìdùnnú ni, mo sì dúpẹ́. Ìpìlẹ̀ Linux kan náà ni ó wà nínú Android, ìyẹn ni pé Tecno àti itel tí wọ́n ń tà ní ọjà wa náà jẹ́ ọmọ ìyá N900 lọ́nà kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú ilé yìí ni a tì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa. Bí ẹni tí ó fún wa ní kííbọọdù bá gbà á padà lọ́la, kí ni a ó ṣe? Ẹ jẹ́ kí àwọn kan nínú yín kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ilé náà, kì í ṣe bí a ṣe ń gbé inú rẹ̀ nìkan.

Bàbá akọ̀pẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú fáìlì tí mo kọ́kọ́ ṣí. Ó ní igbà tí ó bá gbó, a kì í fi gun ọ̀pẹ mọ́, ṣùgbọ́n a kì í sun ún kí a tó fi hun tuntun, nítorí ara rẹ̀ ni a ti ń wo bí a ṣe hun ún. N900 mi wà lórí pẹpẹ ìwé mi. N kò gba iná sí i mọ́.

Ẹ lọ gba ohùn àwọn àgbà yín sílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì dà á kọ sí ibi méjì, ó kéré tán. Ó dìgbà kan ná.