Ọmọ Rẹ́mọ ní Pápá White City: Ìṣẹ́gun Adégbóyèga Adédọyin ní Ọdún 1947 àti Ìbéèrè Ẹni Tí Ó Ni Ìtàn

Àṣamọ̀

Ní ọdún 1947, Adégbóyèga Fọlárànmí Adédọyin, ọmọ bíbí ìlú Ṣàgámù, gba ipò kìíní nínú eré fífò sókè ní ìdíje orí pápá tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún kejì rẹ̀, ó ṣojú Britain ní ìdíje Òlíńpíìkì. Síbẹ̀, ọdún 1952 tàbí 1954 ni a sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn eré orí pápá àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àpilẹ̀kọ yìí tọ pinpin ìṣẹ́gun náà, ó ṣàlàyé ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ mìíràn, ó sì tọ́ka sí ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi í kọ́ni láìṣe àbùlà òtítọ́.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òwe yìí bá ìtàn àwọn tí a mú sìn mu púpọ̀. Bí ọmọ ilẹ̀ tí a ń ṣàkóso bá ṣe ohun ribiribi, inú ìwé ẹni tí ó ń ṣàkóso ni a ń kọ ọ́ sí. Kì í ṣe nínú ọ̀ràn òwò tàbí ti ogun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ nínú eré ìdárayá pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ tí ó bí eléré náà bá sì gba òmìnira, tí ó wá jókòó láti kọ ìtàn tirẹ̀, ó lè gbàgbé pé ohun ìní òun kan wà nínú àpótí ẹlòmíràn.

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ọ̀kan nínú irú ohun ìní bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ wo ìdíje náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wo bí ọmọ Ọba láti Rẹ́mọ ṣe dé ibẹ̀, ohun tí ó ṣe níbẹ̀, àti ipò tí ó yẹ kí a fi í sí nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.

Ìdíje Àjọ AAA

Ní ọdún 1880 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn eléré orí pápá tí kì í fi eré gba owó sílẹ̀ ní ìlú Oxford. Lẹ́tà mẹ́ta, AAA, ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún náà ni àjọ yìí ti ń ṣe ìdíje ọdọọdún fún àwọn asáré, àwọn afòsókè, àwọn afòjìnnà àti àwọn tí ń ju nǹkan. Láti ọdún 1932 títí di ọdún 1970, pápá White City ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ́nù ni a ti ń ṣe ìdíje náà. Pápá yìí kan náà ni a kọ́ fún Òlíńpíìkì ti ọdún 1908; a wó o lulẹ̀ ní ọdún 1985.

Ohun méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa ìdíje yìí. Èkíní ni pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdíje orílẹ̀-èdè, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Ẹni tí ó bá wá láti òkè òkun lè gba ipò kìíní, kí a sì pè é ní aṣẹ́gun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá borí ní White City kò borí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Èkejì ni pé Ogun Àgbáyé Kejì dá ìdíje náà dúró. Ọdún 1946 ni a tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun parí. Ìdíje ti ọdún 1947 jẹ́ ìkejì lẹ́yìn ogun, nígbà tí oúnjẹ ṣì ń gba ìwé ìpín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ojú sì ti ń wo Òlíńpíìkì tí yóò wáyé ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún tí ń bọ̀.

Bí Ọmọ Ọba Ṣe Dé Belfast

Ọdún 1922 ni a bí Adédọyin ní Ṣàgámù. Bàbá rẹ̀ ni Ọba William Christopher Adédọyin, Akárìgbò ti Rẹ́mọ, ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1916 títí di ọdún 1952. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ni ọmọ náà gba ilẹ̀ Ireland ti àríwá lọ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Queen's ní Belfast.

Ènìyàn lè béèrè ìdí tí ọmọ Ọba fi ní láti la òkun kọjá ní àkókò ogun nítorí ẹ̀kọ́. Ìdáhùn wà nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀. Lóòótọ́, Kọ́lẹ́jì Gíga ti Yábàá ti wà láti ọdún 1934, a sì ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò níyì ju Nàìjíríà lọ. Igbákejì oníṣègùn ni ẹni tí ó bá gbà á máa ń jẹ́ lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ di oníṣègùn pátápátá, ó di dandan kí ó lọ sí òkè òkun. Ọdún 1948 ni a tó dá Kọ́lẹ́jì Yunifásítì ti Ìbàdàn sílẹ̀, ọdún náà gan-an tí Adédọyin ń fò ní Òlíńpíìkì. Kì í ṣe eré ni ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò ṣe ìwé. Inú ọgbà ìwé ni eré ti bá a.

Ọdún 1947 àti Ọdún 1948

Ní oṣù Keje ọdún 1947, Adédọyin borí nínú eré fífò sókè ní White City. Kì í ṣe ibi tí kò sí akọni ni ó ti borí. Ẹni tí ó gba ipò náà ní ọdún 1946 ni Alan Paterson, ọmọ Scotland, tí ó tún gbà á ní ọdún 1949 àti 1950, tí ó sì di aṣẹ́gun ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1950. Nínú ìdíje ọdún 1947 kan náà, McDonald Bailey, ọmọ Trinidad, ni ó ṣe ipò kìíní nínú eré sísá oní 100 yáàdì àti oní 220 yáàdì. Bí a bá wo àwọn aṣẹ́gun ọdún náà, a ó rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wà lára àwọn tí ó gbé ìdíje náà ró.

Ní ọdún 1948, a yan Adédọyin sínú ẹgbẹ́ Britain fún eré méjì, fífò sókè àti fífò jìnnà. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni a ṣí Òlíńpíìkì náà ní Wembley. Ní ọjọ́ 30, ó kópa nínú àṣekágbá fífò sókè. Ó fo 1.90 mítà, ó sì wà ní ipò kejìlá. John Winter, ọmọ Australia, tí ó gba wúrà, fo 1.98 mítà, fàdákà àti idẹ lọ pẹ̀lú 1.95 mítà. Èyí fi hàn pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín ọmọ Ṣàgámù àti wúrà.

Kò sinmi. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 31, ó tún wà nínú àṣekágbá fífò jìnnà. Ó fo 7.27 mítà, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Willie Steele ti Amẹ́ríkà ni ó gba wúrà pẹ̀lú 7.825 mítà, Theo Bruce ti Australia gba fàdákà, Herb Douglas ti Amẹ́ríkà gba idẹ, Lorenzo Wright, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ni ó ṣe ipò kẹrin. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí jẹ́ adúláwọ̀. Bí a bá fi Adédọyin kún wọn, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni ó jẹ́ ọmọ adúláwọ̀. Nínú ẹgbẹ́ Britain, kò sí ẹlòmíràn tí ó wọ inú mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú eré náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé àṣekágbá Òlíńpíìkì. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn èyí, ó sì di oníṣègùn.

Ta Ni Ó Ni Ìṣẹ́gun Náà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Aṣọ Britain ni Adédọyin wọ̀ ní Wembley. Nàìjíríà kò tíì ní ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì tirẹ̀ nígbà náà; ní ọdún 1952, ní Helsinki, ni ó kọ́kọ́ kópa. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó bá sọ pé Adédọyin gba ipò karùn-ún fún Nàìjíríà ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àkọsílẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ yí àkọsílẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì wà tí ó tóbi ju èyí lọ. Òun ni pé kí a tìtorí aṣọ tí ó wọ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìtàn wa. Kò sí ẹni tí ó fún Adédọyin ní aṣọ méjì pé kí ó mú ọ̀kan. Jàmáíkà, tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1948. Ìdí nìyí tí wúrà tí Arthur Wint gbà nínú eré oní 400 mítà fi wà lórúkọ Jàmáíkà títí di òní. Kì í ṣe pé Wint fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ ju Adédọyin lọ. Ètò ni ó wà níbì kan tí kò sí níbì kejì. Bí kò bá sí àpò, ibo ni a ó kó ẹ̀bùn sí?

Ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ilẹ̀ tí eléré ṣojú fún, ilẹ̀ tí ó bí i, àti ilẹ̀ tí ó tọ́jú rẹ̀ di eléré. Nínú ọ̀rọ̀ Adédọyin, Britain ni èkíní, Rẹ́mọ ni èkejì, Belfast sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀kẹta. Ìtàn tí ó bá dárúkọ ọ̀kan tí ó sì fi méjì yòókù sílẹ̀ kò pé.

Ìlà Àwọn Afòsókè

Ìdí mìíràn tí a kò fi gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1947 ni pé kò dá dúró. Ní ọdún 1950, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Auckland, Joṣáyà Májẹ̀kódùnmí gba fàdákà nínú fífò sókè. Òun kan náà ni ó ṣe ipò kẹsàn-án nínú eré yìí ní Helsinki ní ọdún 1952. Ní ọdún 1954, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ, ó gba wúrà, ó sì di adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Nafiu Osagie, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, gba idẹ.

Nítorí náà, eré fífò sókè ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ayé fún àwọn eléré orí pápá wa. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ má ṣòro láti rí. Òpó méjì, ọ̀pá kan àti yanrìn tí a óò balẹ̀ sí ti tó fún ilé-ẹ̀kọ́ láti fi í kọ́ ọmọ. Bákan náà, ọ̀pá kì í ṣe ojúsàájú: bí ó bá jábọ́, gbogbo ayé rí i, bí ó bá dúró, kò sí adájọ́ tí ó lè sọ pé ó jábọ́.

Fífò jìnnà náà kò gbẹ́yìn. Mọ́dúpẹ́ Òṣíkòyà gba wúrà nínú rẹ̀ ní Christchurch ní ọdún 1974. Ní Atlanta ní ọdún 1996, Chioma Ajunwa fo 7.12 mítà, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, nínú eré kan náà tí Adédọyin ti ṣe ipò karùn-ún ní ọdún 48 ṣáájú.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Ìbéèrè yìí kò tíì parí. Phillips Idowu, tí a bí ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, gba wúrà àgbáyé nínú fífò onígbẹ̀sẹ̀ mẹ́ta fún Britain ní Berlin ní ọdún 2009. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré orí ìdènà oní 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní ọdún 2022, ó sì fi Nàìjíríà sórí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè pé èwo ni tiwa nínú àwọn méjèèjì. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ìtàn Adédọyin kọ́ wọn yóò rí ìdáhùn tí kò ní irọ́ nínú: a lè yọ̀ mọ́ ọmọ wa láìjí aṣọ tí ó wọ̀.

A lè lo ìtàn yìí nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá láti fi kọ́ oríkì ìlú Ṣàgámù, nínú ẹ̀kọ́ ìtàn láti fi ṣàlàyé ìjọba amúnisìn, àti lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí a ti lè wọn 7.27 mítà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Rẹ́mọ dé.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìṣẹ́gun ọdún 1947 kì í ṣe ti Nàìjíríà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó gbé orúkọ wa ga lórí pápá, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ní aṣọ tiwa. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ní ẹsẹ̀ tí ń fò.