Ihò Cu Chi àti Odò Mekong: Ìtàn Kan Náà Ni

Láàárín àwọn ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò ń sanwó fún ní Ho Chi Minh City, ìlú ńlá gúúsù Vietnam tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣì ń pè ní Saigon, ọ̀kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì á kó wọn lọ sí Cu Chi, wọ́n á fi ọwọ́ òun orúnkún wọ inú ihò tí àwọn jagunjagun gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, bọ́ọ̀sì kan náà á gbé wọn lọ sí My Tho létí odò Mekong, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù, wọ́n á mu omi àgbọn, wọ́n á sì gbọ́ orin. Cu Chi wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nǹkan bí 40 kìlómítà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni My Tho wà ní tirẹ̀, nǹkan bí 70 kìlómítà. Ẹni tó bá wo máàpù lè tètè sọ pé òwò lásán ló so wọ́n pọ̀: ikú ní òwúrọ̀, fàájì ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Odò ló bí ìjà tó lé àwọn ènìyàn wọ ihò, ogun tí wọ́n jà lábẹ́ ilẹ̀ ní Cu Chi náà ni wọ́n jà lórí omi ní Mekong. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìrìn àjò yìí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn rẹ̀. Síso tí wọ́n so ibi méjèèjì pọ̀ tọ̀nà.

Omi ló ṣáájú ogun, nítorí náà ọ̀dọ̀ omi ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí òkè Tibet ni Mekong ti ń ṣàn bọ̀. Ó rin ìrìn tó ju 4,000 kìlómítà lọ kí ó tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ wọ òkun ní gúúsù Vietnam, níbi tí dẹ́lítà rẹ̀ ti fẹ̀ tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń jà lórí omi náà. Ní 1679, àwọn ará Ṣáínà tó sá fún ìjọba tuntun ilẹ̀ wọn tẹ̀dó sí My Tho, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà. Ní oṣù kìíní 1785, Nguyen Hue, olórí ogun kan ní Vietnam, lúgọ de ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun àwọn ará Síámù (Thailand òní) láàárín Rach Gam àti Xoai Mut, nítòsí My Tho, ó sì fọ́ wọn yángá. Láàárín 1819 sí 1824, ọba Vietnam fi agbára mú ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn, àwọn Khmer wà nínú wọn, láti gbẹ́ odò àtọwọ́dá Vinh Te, tó sún mọ́ 90 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ló kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn Faransé gba My Tho ní 1861, wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá Cho Gao ní 1877 kí ìrẹsì lè tètè dé Saigon, wọ́n sì la ojú irin láti Saigon dé My Tho ní 1885.

Iṣẹ́ omi tí àwọn Faransé ṣe yìí ló gbin irúgbìn ogun. Bí wọ́n ti ń fa omi kúrò lórí àbàtà ni ilẹ̀ ìrẹsì tuntun ń yọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olówó díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ wá di ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tó lè gba bí ìdajì irè oko. Gúúsù Vietnam di ọ̀kan lára àwọn ibi tó ń ta ìrẹsì jù lọ sí òkè òkun, síbẹ̀ ẹni tó gbìn ín ń jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni àwọn Viet Minh fi kó àgbẹ̀ jọ nígbà tí wọ́n dìde sí Faransé ní ìparí ogun àgbáyé kejì, òun náà sì ni Ẹgbẹ́ Ìdáǹdè gúúsù, tí Amẹ́ríkà ń pè ní Viet Cong, fi rí ọmọ ogun láti 1960. Bí a bá yọ ìrẹsì àti odò kúrò, ẹni tó wà nínú ihò kò ní ìdí kankan tó fi yẹ kó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Cu Chi ni wọ́n ti gbẹ́lẹ̀? Amọ̀ pupa ni ilẹ̀ rẹ̀, ó rọ̀ nígbà òjò, ó sì ń le gan-in tó bá gbẹ, débi pé ihò lè dúró láìsí òpó. Ilẹ̀ náà ga ju dẹ́lítà lọ, omi abẹ́ rẹ̀ jìn. Ní nǹkan bí 1948, nígbà ogun Faransé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àwọn ihò kéékèèké láàárín abúlé. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà fi gbóná, wọ́n ti lé ní 200 kìlómítà, àwọn kan sì ní àjà mẹ́ta lábẹ́ ara wọn. Ọkọ́ kékeré àti apẹ̀rẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn. Pátákó pẹlẹbẹ tí ejìká ènìyàn tín-ínrín kò fi bẹ́ẹ̀ gbà ni ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbé e sókè orí, á sọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, á fi ewé gbígbẹ bo ojú rẹ̀, a ò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan kọjá níbẹ̀. Inú ògán ni wọ́n fi ojú ihò afẹ́fẹ́ pamọ́ sí. Ààrò tí wọ́n ń lò ni èyí tí Hoang Cam, alásè kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Viet Minh, ti dá sílẹ̀ nígbà ogun Faransé: èéfín á gba inú kòtò gígùn tí wọ́n fi ewé àti erùpẹ̀ bò, yóò fọ́n ká kí ó tó jáde, ọkọ̀ òfurufú kò sì ní rí nǹkan kan. Pákí bíbọ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ẹ̀pà gígún jẹ, tí wọ́n ń fún àlejò tọ́ wò títí dòní, ni oúnjẹ wọn nígbà tí bọ́ǹbù ba oko ìrẹsì jẹ́. Àwọn ihò kan sì já sí bèbè odò Saigon, kí ẹni tí wọ́n bá há mọ́ lè rí omi sá gbà.

Ní dẹ́lítà, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí bí o bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, omi ti sun. Omi fúnra rẹ̀ ló wá di ibi ìsápamọ́. Ní oṣù kìíní 1960, àwọn ará Mo Cay ní agbègbè Ben Tre, ní òdìkejì odò sí My Tho, dìde sí ìjọba Saigon tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn. Obìnrin kan, Nguyen Thi Dinh, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ní 1946 ló ti wọkọ̀ ojú omi láti etí òkun Ben Tre lọ sí àríwá láti tọrọ ohun ìjà lọ́wọ́ Ho Chi Minh, olórí àwọn Viet Minh. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwọn abúlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n kó ẹní àti ìkòkò sínú ọkọ̀, wọ́n sì tú yáyá lọ sí Mo Cay láti fẹ̀hónú hàn pé ààbò ni àwọn ń wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1963, ní Ap Bac nítòsí My Tho, nǹkan bí 350 jagunjagun Viet Cong dúró nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ igi létí ipa omi, wọ́n sì já hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà márùn-ún bọ́. Ipa omi tó wà lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ kéékèèké ń gbà gbé ọta ìbọn wá. Ohun tí ihò ṣe ní Cu Chi ni ipa omi ṣe ní Ap Bac.

Bí Amẹ́ríkà ṣe dáhùn fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé ogun kan ni. Ní oṣù kìíní 1967, nǹkan bí 30,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Saigon ya bo agbègbè tó wà ní òdìkejì odò sí Cu Chi. Wọ́n kó nǹkan bí 6,000 ènìyàn kúrò ní Ben Suc àti àwọn abúlé tó yí i ká, wọ́n sì fi katakata wó ilé wọn palẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ogun odò sílẹ̀ ní dẹ́lítà, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi. Ní ẹ̀bá My Tho, wọ́n fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ Mekong rọ́ sórí oko ìrẹsì láti fi kọ́ bárékè Dong Tam. Ọkọ̀ ogun kéékèèké tí kò ní abẹ̀bẹ̀ lábẹ́, tó ń fi omi ti ara rẹ̀ lọ, ń sáré lórí omi tí kò jìn, wọ́n ń dá ọkọ̀ àgbẹ̀ dúró, wọ́n ń tú ẹrù. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó bá tukọ̀ jáde ti di ọ̀tá. Láti oṣù Kejìlá 1968 di oṣù Karùn-ún 1969, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹsàn-án ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn pa ọ̀tá tó lé ní 10,800 ní dẹ́lítà. Ohun ìjà 748 péré ni wọ́n rí kó. Bí ẹni tó kú bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ìbọn kéré tó bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti apẹja ló bá a lọ.

Àtakò kan ni pé odò Saigon tó gba ẹ̀bá Cu Chi kọjá kì í ṣe ara Mekong. Òótọ́ ni: odò Dong Nai ló ń ṣàn lọ bá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti so ohun tí ilẹ̀ kò so pọ̀. Cho Gao ló mú kí ọkọ̀ tó di ìrẹsì ní My Tho lè gúnlẹ̀ sí Saigon láìfojú kan òkun, ìlú tí ìrẹsì yẹn kọ́ sì ni ìlú tí àwọn ará Cu Chi dọ́dẹ rẹ̀, tí wọ́n sì kọlù ní ọjọ́ Tet, ọdún tuntun àwọn ará Vietnam, ní 1968.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: ìtàn ẹni tó ṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń sọ ní Cu Chi, níbi tí àlejò ti lè sanwó láti yìnbọn, nínú ihò tí wọ́n ti mú fẹ̀ kí ó lè gba ará òkèèrè. Mo gbà, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A kì í gbọ́ nípa àwọn ọmọ Vietnam tó jà fún Saigon tí wọ́n sì kú. Ṣùgbọ́n ìdí tí odò fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìrìn àjò náà gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tí Saigon bọ́ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin 1975, ẹnu àwọn odò dẹ́lítà wà lára ibi tí àwọn tó ń sá fún ìjọba tuntun ti gba òru yọ sí òkun. Láàárín ogún ọdún, àwọn tó sún mọ́ 800,000 ló fi ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ mìíràn. Òkun sì gbé ọ̀pọ̀ mì. Ìtàn ẹni tó pàdánù wà lórí omi, bí a bá fẹ́ gbọ́ ọ.

Àwọn mìíràn ní ìgbésí ayé tí wọ́n ń fi han àlejò ní My Tho àti Ben Tre kì í ṣe òótọ́, eré ni. Lóòótọ́, obìnrin tó dúró ní ìdí ọkọ̀ pákó, tó ń fi àjẹ̀ tì í lábẹ́ igi ọ̀pẹ inú omi, àlejò ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń tukọ̀ kì í ṣe ọwọ́ eléré. Àwọn tó ń se àgbọn aládùn ní Ben Tre ń fún wàrà àgbọn, wọ́n ń rò ó mọ́ ṣúgà lórí iná títí yóò fi ki, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi ìwé ìrẹsì tí ó ṣeé jẹ wé e. Ọjà tòótọ́ ni. Ohun tó ń kú ni ọjà orí omi, níbi tí olùtajà ti ń so ohun tó ń tà kọ́ orí ọ̀pá oparun kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè. Afárá My Thuan ṣí ní 2000, ti Rach Mieu, tó so My Tho mọ́ Ben Tre, ní 2009. Ọkọ̀ ẹrù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ odò. Ní 2016, ọ̀dá mú kí omi iyọ̀ wọ inú oko lọ jìnnà. Odò náà ti ń di ohun ìtàn bí ihò ṣe dì í.

Gbogbo èyí fi hàn pé àṣìṣe àwọn tó ń darí ìrìn àjò náà ni pípín tí wọ́n pín in sí òwúrọ̀ ogun àti ọ̀sán àlàáfíà. Ní Cu Chi, ó yẹ kí wọ́n sọ nípa ìṣákọ́lẹ̀ àti ìrẹsì. Ní My Tho, ó yẹ kí wọ́n sọ nípa Dong Tam, nípa àwọn obìnrin Mo Cay, àti nípa àwọn tó gba omi sá lọ. Ìwọ tó bá ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, bi wọ́n léèrè kí o tó sanwó: ṣé ẹ ó sọ̀rọ̀ ogun fún wa lórí odò? Bí wọ́n bá ní rárá, wá ẹlòmíràn.