Asọ̀rọ̀gbèsì: Ìtàn Rédíò Lójú Òkun

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, kì í ṣe orúkọ tí ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohùn rédíò káàkiri ilé ní Èkó ní oṣù Kejìlá, ọdún 1935, àpótí kékeré kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ara ògiri fún ẹni tí ó bá lè san owó rẹ̀. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wá sínú àpótí náà. Onílé lè bú u, ó lè kan sáárá sí i, ó lè bi í ní ìbéèrè. Àpótí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó ń bá lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń wí.

Síbẹ̀, kì í ṣe inú ilé ni rédíò ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ojú òkun ni. Rédíò ojú òkun kì í sì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì rárá. Èsì ni ó sọ ọ́ di ohun èlò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì, tí ó ń ké, tí kò sí ẹni tí ó gbọ́, kò sàn ju ẹni tí kò ké lọ. Nítorí náà, bí a bá tọpa ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí ó gba odidi yàrá kan nínú ọkọ̀ títí di òní tí ó ti di ohun tí a ń mú lọ́wọ́, ohun kan náà ni a ó máa bá pàdé: akitiyan àwọn ènìyàn láti rí i dájú pé etí kan wà níbì kan tí ó ń gbọ́.

Kí rédíò tó dé, ọkọ̀ tí ó bá ti fi èbúté sílẹ̀ tí ojú kò sì tó o mọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ará ilẹ̀. Àsíá, fìtílà àti ìbọn ni àwọn atukọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó lọ tí kò dé, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó sùn. Guglielmo Marconi, ọmọ Ítálì tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ireland, gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1896 láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti tẹ wáyà láìlo wáyà. Ní ọdún 1899, ọkọ̀ alátùpà tí wọ́n dá dúró sí Goodwin Sands, ibi eléwu kan ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ yìí ké sí etíkun nígbà tí ọkọ̀ mìíràn kọ lù ú. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1901, Marconi kéde pé òun gbọ́ àmì lẹ́tà S, tókí mẹ́ta péré, ní Newfoundland, láti òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì.

Ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n igbe kò tíì ṣọ̀kan. Iléeṣẹ́ Marconi ní igbe tirẹ̀, CQD, láti ọdún 1904. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní ìlú Berlin ní ọdún 1906 ni ó fẹnu kò sórí SOS: tókí mẹ́ta, àmì gígùn mẹ́ta, tókí mẹ́ta, láìdánu dúró. Wọ́n mú un nítorí pé ó rọrùn láti dá mọ̀ láàárín ariwo, kì í ṣe nítorí pé ó ní ìtumọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì wá ìtumọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá náà ti máa ń tú orúkọ ìlú palẹ̀ tí wọn yóò sì hun ìtàn sí i nídìí. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1909, nígbà tí ọkọ̀ Florida kọ lu ọkọ̀ Republic nínú ìkùukùu nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà, Jack Binns jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ nínú òtútù, ó ń tẹ CQD títí ọkọ̀ Baltic fi rí wọn. Àwọn tí a yọ nínú ewu ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Inú ayé dùn, wọ́n sì rò pé ọ̀ràn òkun ti tán.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ti Titanic ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọdún 1912, Jack Phillips àti Harold Bride ni ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ náà. Iléeṣẹ́ Marconi ni ó gbà wọ́n síṣẹ́. Ohun tí ó sì ń mówó wọlé ni títẹ ìkíni àti ọ̀rọ̀ òwò àwọn èrò ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ kí ó tó di ọjọ́ náà, wọ́n sì ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ́ jọ rẹpẹtẹ. Ní apá ibì kan tí kò jìnnà, iye máìlì rẹ̀ ni àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé lórí, yìnyín ti dá ọkọ̀ Californian dúró. Cyril Evans nìkan ni ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí. Ó ké sí Titanic láti kìlọ̀ fún un nípa yìnyín. Nítorí pé ó sún mọ́ tòsí, ohùn rẹ̀ dún gbàù létí Phillips, ó sì bo ohùn Cape Race tí Phillips ń bá ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀. Phillips ní kí ó dákẹ́, ọwọ́ òun dí. Evans dákẹ́. Ó tún fetí sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago 11:30, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ sùn. Ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, kò sì sí òfin kankan tí ó ní kí ó má sùn. Ní aago 11:40 ni Titanic kọ lu òkè yìnyín.

Ọkọ̀ tí ó gbọ́, Carpathia, jìnnà tó nǹkan bí máìlì 58. Kódà èyí ku díẹ̀ kí ó bọ́. Harold Cottam, ẹni kan ṣoṣo tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀, ti ń bọ́ aṣọ láti sùn, ṣùgbọ́n kò tíì yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí nítorí pé ó ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Ó ké sí Titanic láti sọ fún un pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un ní Cape Cod. Igbe ìdáǹdè ni ó gbọ́ padà. Titanic rì ní aago 2:20 òru. Carpathia dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ó sì kó ènìyàn tí ó lé ní 700 nínú àwọn ọkọ̀ kékeré. Nǹkan bí 1,500 kú, Phillips sì wà lára wọn. Kì í ṣe agbára ẹ̀rọ ni ó kù díẹ̀ káàtó ní alẹ́ náà. Igbe Phillips lágbára, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Etí tí ó wà nítòsí ni ó ti sùn.

Ohun tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn. Ní ọdún kan náà, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ó gbé èrò púpọ̀ má ṣe fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ìpàdé tí ó wáyé ní Lọ́ńdọ́nù parí ní oṣù Kìíní, ọdún 1914, pẹ̀lú àdéhùn lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ọdún yẹn kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó yá, òfin mìíràn dé tí ó ya ènìyàn lẹ́nu: òfin ìdákẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń lo ìgbì 500 kHz gbọ́dọ̀ panu mọ́ kí wọ́n sì fetí sílẹ̀, bóyá ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ kò lágbára ń ké níbì kan. Ojú aago inú yàrá rédíò ni wọ́n kun ní ọ̀dà pupa sí ibi ìṣẹ́jú wọ̀nyí, kí ó má bàa sí ẹni tí yóò sọ pé òun gbàgbé. Wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé sàmì sí ìṣẹ́jú ìdákẹ́ ti àwọn tí ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ìgbì 2182 kHz.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó mú ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ àmì Morse. Ṣùgbọ́n lẹ́tà S kì í dún ketekete nínú ẹ̀rọ ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Frederick Mockford, òṣìṣẹ́ rédíò ní pápákọ̀ òfuurufú Croydon ní Lọ́ńdọ́nù, mú Mayday wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ń lọ sí Paris tàbí ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì dún bí gbólóhùn Faransé tí ó túmọ̀ sí “ẹ ràn mí lọ́wọ́”. Ìpàdé Washington ní ọdún 1927 sọ ọ́ di igbe gbogbo ayé fún àwọn tí ń fi ẹnu ké.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìgbì VHF gbòde. Ìpàdé kan ní The Hague ní ọdún 1957 ṣètò rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, ìkànnì 16, tí í ṣe 156.8 MHz, sì di ojúde tí gbogbo ọkọ̀ ti ń pàdé. Eríà ìgbì yìí kúrú, èyí ni ó fi ṣeé ṣe láti ṣe ẹ̀rọ tí ọwọ́ kan lè mú. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀. Rédíò tí a kàn mọ́ ọkọ̀ ní agbára wáàtì 25. Ti ọwọ́ kì í sábà ju wáàtì 5 tàbí 6 lọ. Ìgbì rẹ̀ a sì máa lọ tààrà bí ojú ti ń ríran, kì í tẹ̀ lé yíyí ilẹ̀ ayé lọ títí. Ẹni méjì tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kò ní gbọ́ ara wọn ju máìlì díẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ń gbọ́ bá wà lórí òpó gíga ní etíkun, tí ẹni tí ń ké sì dìde dúró, tí ó gbé eríà rẹ̀ sókè ṣánṣán, ohùn yóò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbùdá mìíràn wà tí àwọn tí ó ti mọ tẹlifóònù lára kì í tètè mọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì láti sọ̀rọ̀, rédíò ọwọ́ di adití. A gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí a tó lè gbọ́. Bí bọ́tìnì bá há nínú àpò tàbí lábẹ́ ẹrù, ẹ̀rọ náà yóò máa fọhùn láìmọ̀, yóò sì dí ìkànnì 16 mọ́ gbogbo ọkọ̀ tí ó wà ní sàkáání. Ó di asọ̀rọ̀mágbèsì tòótọ́ nìyẹn. Nítorí èyí, ìpè àti igbe ìdáǹdè nìkan ni ó wà fún ìkànnì náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tàkúrọ̀sọ yóò pe ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì jọ ṣí lọ sí ìkànnì mìíràn.

Láti oṣù Kejì, ọdún 1992, títí di oṣù Kejì, ọdún 1999, àwọn orílẹ̀-èdè fi ètò tuntun rọ́pò Morse. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣọ́ ìkànnì 70 báyìí, kì í sì í sùn bí Evans. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì pupa, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó wà yóò fò lọ fúnra wọn bí rédíò náà bá mọ ibi tí ó wà. Àwọn rédíò ọwọ́ kan sì ti ní bọ́tìnì yìí. Òfin náà béèrè pé kí ọkọ̀ òkun tí ń gbé èrò ní, ó kéré tán, rédíò ọwọ́ mẹ́ta fún àwọn ọkọ̀ ìgbàlà rẹ̀, nítorí pé iná ọkọ̀ ńlá a máa kú kí ọkọ̀ tó rì.

Tẹlifóònù alágbèéká kò lè gba ipò rẹ̀. Etí ẹnì kan ni tẹlifóònù ń wá. Rédíò ń wá etí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí, títí kan àjèjì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ. Apẹja Ìlàjẹ tí ó bá jáde sí òkun, tàbí awakọ̀ tí ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, lè ra ẹ̀rọ yìí kí ó sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ìbéèrè tí ó ṣẹ́ kù ni ti Phillips: ta ni ó wà lórí ìkànnì 16 ní òru, ní ibi tí ohùn rẹ̀ lè dé? Ìyẹn kì í ṣe ohun tí owó ẹnì kan lè rà.

Ọ̀nà tí a ń gbà ké kò le. A ó gbé ìkànnì sí 16, a ó fi agbára ẹ̀rọ sí òkè pátápátá. A ó pe Mayday lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì pe orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A ó tún wí Mayday àti orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sọ ibi tí a wà kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé bí bátìrì bá kú lójijì, ìyẹn nìkan tó láti fi wá ènìyàn rí. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, irú ìrànlọ́wọ́ tí a ń fẹ́ àti iye ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. A ó wá gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì, a ó sì fetí sílẹ̀.